Orí Keje: Kí Ló Ń Ṣe Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé?

Ẹni tó gbin ata sẹ́yìn ilé, tó jí lọ́jọ́ kan tó rí i pé ewé rẹ̀ ti ká kò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn kòkòrò ló sábà máa ń gbà lọ. Èyí tí olùtajà bá nà sí i ni yóò rà, yóò pò ó mọ́ omi, yóò fín in. Bí ewé kò bá nà, á tún fi kún un. Bẹ́ẹ̀, ewé ata lè ká nítorí kòkòrò tó ń fa omi ara rẹ̀. Ó lè ká nítorí fáírọ́ọ̀sì tí oògùn kankan kò ràn. Ó sì lè ká nítorí oògùn apakoríko tí aládùúgbò fín, tí atẹ́gùn gbé kọjá ògiri. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni oògùn kòkòrò bá mu. Nínú méjì tó kù, owó lásán ni a ná, a sì ti fi májèlé sára ohun tí àwọn ọmọ ilé máa jẹ.

Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bí a ṣe ń wo ẹ̀fọ́ láti orí ebè títí dé gbòǹgbò, kí a tó fọwọ́ kan oògùn rárá. A kì í tọ́jú ohun tí a kò tí ì mọ̀.

7.1 Wo gbogbo ebè kí o tó wo ewé kan

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé tó bàjẹ́ jù. Sún sẹ́yìn, kí o wo bí ìbàjẹ́ náà ṣe tò lórí ebè. Ohun ẹlẹ́mìí, ìbáà ṣe kòkòrò, bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì tàbí fọ́ńgọ́ọ̀sì (ìyẹn ẹbí olu àti ohun tó ń hù lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́), máa ń bẹ̀rẹ̀ níbì kan, á wá máa ràn. Lónìí igi kan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mẹ́ta tó yí i ká. Ohun tí kò lẹ́mìí, bí ọ̀dá omi, ajílẹ̀ tó pọ̀ jù tàbí oògùn tí a ṣì lò, kì í rìn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀fọ́ orí ebè ló máa kọlù lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í ya tẹ̀tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ewédú. Nítorí náà, bí tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata tó wà lórí ebè kan bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà, má dààmú láti wá kòkòrò. Béèrè ohun tí wọ́n dà síbẹ̀: omi ìfọṣọ, omi iyọ̀, tàbí ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti inú ilé adìẹ.

Ìgbẹ́ adìẹ yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, torí pé kò sí ajílẹ̀ tó wọ́pọ̀ tó o nílé wa. Bí ó bá ṣì tútù, amóníà inú rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Etí ewé á gbẹ, á di aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀fọ́ kékeré á sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí a kó o jọ, kí a bò ó, kí a máa yí i, títí tí kò fi gbóná mọ́ bí a bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí òórùn tó ń ta ni nímú kò sì sí mọ́. Nígbà náà ló tó lò.

Béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ni wàhálà wà. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri sábà máa ń kún fún àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀. Sìmẹ́ǹtì máa ń pa ekan ilẹ̀ kú. Bí ekan ilẹ̀ bá kú jù, ayọ́ọ̀nù (ìyẹn irin) wà nínú ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò ní lè gbà á. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba ajílẹ̀. Kí a kó àfọ́kù kúrò, tàbí kí a gbin ẹ̀fọ́ náà sínú àpò ni ọ̀nà àbáyọ.

7.2 Ewé ìsàlẹ̀ tàbí ewé òkè?

Ìbéèrè yìí rọrùn, àmọ́ ó ń yanjú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ewé pọ́n, ó di àwọ̀ ìyeyè: èwo ló kọ́kọ́ pọ́n? Náítírójìn lè ṣí kúrò nínú ewé àtijọ́. Nígbà tí kò bá tó nílẹ̀, ewéko á gba ti ewé ìsàlẹ̀ fún èyí tó ń yọ lókè, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ìpọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú ewé á sì pọ́n pa pọ̀. Magnésíọ̀mù náà máa ń ṣí, ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, iṣan ewé ìsàlẹ̀ á ṣì dúdú nígbà tí àárín iṣan ti pọ́n. Àìtó pòtásíọ̀mù ló ń jẹ́ kí etí ewé ìsàlẹ̀ gbẹ bí ẹni pé iná rà á.

Ayọ́ọ̀nù kì í ṣí. Èyí tó bá ti wọ ewé àtijọ́, ibẹ̀ ni yóò wà, nítorí náà ewé tuntun lókè ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, tí iṣan rẹ̀ á dúdú ketekete. Bí o bá rí èyí lórí ilá tí o gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tuntun, rántí sìmẹ́ǹtì.

Ní Èkó àti ní gbogbo etí òkun títí dé Bàdágìrì, ilẹ̀ yanrìn ni a ní. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje máa ń ṣan náítírójìn lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò dé. Ìdí nìyí tí tẹ̀tẹ̀ fi ń pọ́n ní àsìkò tí omi pọ̀ jù lọ, tí onílé á máa rò pé àrùn ni. Ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta dára ju ẹyọ ẹ̀ẹ̀kan tó pọ̀ lọ níbẹ̀, kí a sì fi í jìnnà sí ìdí igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

7.3 Tòmátì tó rọ

Kò sí ohun tó ń dun onílé tó kí tòmátì tó ti ń so lọ́wọ́ ṣàdédé sorí kọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ohun márùn-ún ó kéré tán ló lè fà á, omi tí a ń bù sí i kò sì lè gba mẹ́rin nínú wọn sílẹ̀.

Kọ́kọ́ wo àkókò. Bí ó bá rọ lọ́sàn-án tó sì tún nà lálẹ́, òùngbẹ ló sábà máa ń jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣomi, tí omi dúró lórí ebè lẹ́yìn òjò, gbòǹgbò ni kò rí èémí mí: ẹ la ọ̀nà fún omi, ẹ gbé ebè sókè. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá tutù níwọ̀nba, tí igi náà rọ, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò nà, fa á tu. Igi tó ti rọ báyẹn kò ní jí mọ́, ohun kan ṣoṣo tó ṣì lè ṣe fún ọ ni pé kó sọ ohun tó pa á.

Wo ìdí igi, níbi tó ti kan ilẹ̀. Bí òwú funfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí hóró róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ tó tóbi ju kóró tẹ̀tẹ̀ lọ díẹ̀ sì wà láàárín òwú náà, fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sclerotium ni. Hóró wọ̀nyẹn ni irúgbìn rẹ̀, nítorí náà bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú igi náà, má sì jẹ́ kí koríko tí o fi bo ilẹ̀ kan ìdí àwọn tó kù.

Bí ìdí igi bá mọ́, mú ọ̀bẹ, la igi náà gbọọrọ. Bí abẹ́ èèpo bá ti di aláwọ̀ ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí o sì rántí pé ewé ìsàlẹ̀ ti kọ́kọ́ ń pọ́n, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan igi nìkan, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, Fusarium ni. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èyí tí kì í lọ pẹ̀lẹ́ ni bakitéríà Ralstonia. Ewé á rọ nígbà tó ṣì dúdú minimini, láìpọ́n. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò gba ilé ìwádìí kankan. Bu omi tó mọ́ gaara sínú gíláàsì, gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gbà á kọjá. Gé igi tòmátì náà nítòsí ìdí, tó gùn tó ìka ọwọ́, kí o dì í mú kí ojú ibi tí o gé ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi. Má mì ín. Dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí Ralstonia bá ni, wàá rí i tí okùn tín-ín-rín funfun, bí omi ògì, ń ti ojú ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì láìdáwọ́ dúró. Bakitéríà fúnra rẹ̀ ni ò ń wò yẹn, àìmọye mílíọ̀nù. Lára igi tí kò ní in, omi náà á mọ́ bó ṣe wà.

Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe èyí fúnra wọn, torí ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn tòmátì rírọ fún òun mọ́. Kò sí oògùn tí onílé lè fín tó ń wo Ralstonia sàn. Kí a hú igi náà, kí a sun ún, kí a má jù ú sínú ààtàn tí a ó fi ṣe ajílẹ̀. Kí a má jẹ́ kí omi ibẹ̀ ṣàn lọ sí ebè mìíràn, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọkọ́, ọ̀bẹ àti bàtà. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ata, ikàn àti ànàmọ́ òyìnbó sì ni ilé rẹ̀ bí tòmátì. Bí àyè ẹ̀yìnkùlé kò bá fẹ̀ tó láti ṣí lọ ibòmíràn, ẹ gbin tòmátì sínú àpò pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹ gbé wá láti ibi tí a kò gbin ìkankan nínú wọn sí rí.

7.4 Èso tí ìdí rẹ̀ dúdú

Ìdí tòmátì á di dúdú, á tẹ́, á le bí awọ, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì mọ́. Àrùn kọ́ nìyí. Kálísíọ̀mù ni kò dé ìdí èso bó ṣe yẹ, omi ló sì ń gbé kálísíọ̀mù lọ. Ẹni tó bu omi rẹpẹtẹ lónìí, tó gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́rin, tó tún bu rẹpẹtẹ, ló máa ń rí i jù. Tàtàṣé náà ń ní in. Bíbomi rin déédéé àti koríko gbígbẹ lórí ilẹ̀ ló ń wò ó. Èso tó ti dúdú kò ní padà mọ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni à ń tọ́jú.

Bí òdòdó tòmátì bá ń já dànù láìso, ooru ni kó o kọ́kọ́ fura sí, pàápàá ooru òru. Àwọn òru oṣù kejì àti ìkẹta ní Èkó gbóná ju ohun tí ọ̀pọ̀ irú tòmátì lè fara dà lọ.

7.5 Ṣí abẹ́ ewé wò

Ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í gbé ojú ewé. Kí a jí ní òwúrọ̀, kí a máa yí ewé dojú dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a máa wo abẹ́ rẹ̀.

Bí èèrà bá ń tò gòkè lórí ata, èèrà kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ń lọ lá omi dídùn tí àwọn kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní aphid ń tọ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá ń fa omi ewé, ó sì ń lé àwọn tó fẹ́ pa aphid jẹ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Tẹ̀lé èèrà, wàá bá wọn níbi tí wọ́n ṣù sí lábẹ́ ewé tuntun. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná: ọwọ́ la fi ń rún wọn, ọjọ́ dé ọjọ́, kí wọ́n tó pọ̀. Aphid ló tún ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti ata kan dé òmíràn. Ata tí fáírọ́ọ̀sì ti mú máa ń ní ewé kéékèèké tó ní àbàwọ́n dúdú-àti-ìyeyè, kì í sì í dàgbà mọ́. Kí a hú u kíákíá, ó ti di orísun àrùn fún ìyókù.

Lára tòmátì àti ilá, eṣinṣin funfun ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì kiri. Mi ewé: bí ohun funfun wẹ́wẹ́ bá fò bùrùbùrù, òun ni. Ewé tòmátì á ká sókè, etí rẹ̀ á pọ́n, igi kò sì ní dàgbà mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pọ̀, nígbà tí kò sí òjò tó ń wẹ̀ wọ́n dànù.

Ihò wẹ́wẹ́ lára ewé ilá, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un? Kòkòrò Podagrica ni, tó máa ń ta pọ́ún bí a bá fọwọ́ kàn án. Ihò díẹ̀ kò pa ilá tó ti dàgbà, àmọ́ ó lè pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì. Ihò ńlá lórí ùgù, tí ẹ sì rí tata aláwọ̀ mèremère lórí rẹ̀ lójú ọ̀sán, ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ tata máa ń wọ́ jọ síbì kan, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù tí òtútù ṣì mú wọn ni kí ẹ kó wọn. Bí ìbàjẹ́ bá ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò rí ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lóru. Ìgbín ni, tàbí kòkòrò tó ń gé ọmọ irúgbìn nídìí.

Ewé tẹ̀tẹ̀ tí a rí tí ó ká, tí okùn bí ti aláǹtakùn so ó pọ̀: tú u, ìdin aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó wú lára igi tó sì kán, ìdin wà nínú igi, fífín oògùn kò dé ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni à ń fa tẹ̀tẹ̀, kò sí àyè tí májèlé fi máa kúrò lára rẹ̀ kó tó dé ìkòkò.

Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ kọ́rọkọ̀rọ nínú ewé tòmátì kì í sábà ṣe nǹkan. Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni àbàwọ́n fífẹ̀ tí ewé ibẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìgbẹ́ dúdú kòkòrò wà nínú rẹ̀, tí ihò abẹ́rẹ́ sì wà lára èso. Tuta absoluta nìyẹn, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 2016, ó ba oko tòmátì jẹ́ ní àríwá Nàìjíríà dé ibi pé ìjọba Kàdúná kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ebola tòmátì. Àárín awọ ewé méjì ni ìdin rẹ̀ ń gbé. Nílé, kí a já ewé bẹ́ẹ̀ ní kíá, kí a sun ún.

Ní ti fífín, ọṣẹ olómi ìwọ̀n ṣíbí tíì kan sí omi lítà kan tó fún aphid àti eṣinṣin funfun, bí ó bá kàn wọ́n lára. Dán an wò lórí ewé kan ná. Fún àwọn ajẹwé, gún kóró dóńgóyárò tí a ti bó, ìwọ̀n 500 gíráàmù, rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, sẹ́ ẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a fín in, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni kì í jẹ́ kó jẹun, kì í sì í jẹ́ kó bọ́ awọ.

Dichlorvos tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú yàrá kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa rẹ̀ nínú ìgò kékeré, àmọ́ àwọn kan ṣì ń fín in sórí ewé tí wọ́n máa já lọ́la. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí, a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

7.6 Gbòǹgbò tó wú

Ṣọkọ, ewédú àti ilá lè máa kéré, kí wọ́n máa pọ́n, kí wọ́n máa rọ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà. Fi ọkọ́ wú ọ̀kan jáde jẹ́jẹ́, má fà á, kí gbòǹgbò má bàa já. Fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Bí gbòǹgbò bá wú kókókókó, tí kókó náà kò sì ṣeé yọ láìfa gbòǹgbò ya, aràn inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, nematode, ló wà nínú rẹ̀. (Kókó tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló lẹ̀ mọ́, ọwọ́ lè ré e bọ́, ó sì ń ṣe ilẹ̀ lóore.)

Níbí ni mímọ̀ ti yàtọ̀ sí fífura. Bí a bá fẹ́ gbin nǹkan mìíràn rọ́pò, ẹ̀pà dára lórí ilẹ̀ tí aràn ti gbà, torí èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn aràn náà kì í rí oúnjẹ jẹ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ralstonia lè gbé inú ẹ̀pà. Àgbàdo, ní tirẹ̀, dára lórí ilẹ̀ Ralstonia, àmọ́ aràn lè máa bí sí i nínú gbòǹgbò rẹ̀ láìjẹ́ kó wú tó láti rí. Ẹni tó ṣì wọ́n mú fún ara wọn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ̀tá rẹ̀ fún odindi àsìkò kan. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ń dín aràn kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn tí a bá fi bo ilẹ̀ tó tutù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn lè sè é.

7.7 Kí ó má tilẹ̀ wáyé

Ọmọ irúgbìn tó ṣubú lulẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ti tín-ín-rín, omi àpọ̀jù àti ìhápọ̀ ló pa á. Kí a gbìn ín fífẹ̀, kí a bomi lówúrọ̀, kí a má bò ó mọ́nú ibi tí atẹ́gùn kò dé. Tòmátì fẹ́ àyè tó ìwọ̀n 50 sẹ̀ǹtímítà láàárín ara wọn. Omi ìdí igi ni, kì í ṣe ti orí ewé. Òjò tó ń ta ilẹ̀ sókè ló ń gbé àbàwọ́n olóbìrípo wá sára ewé ìsàlẹ̀ tòmátì, nítorí náà fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí o sì já ewé tó kanlẹ̀.

Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fín aáṣà gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó kan tòmátì tàbí ata. Fáírọ́ọ̀sì inú tábà kì í kú bí wọ́n bá sá tábà gbẹ, ọwọ́ lásán ló fi ń rìn dé ara ewé.

Má mú irúgbìn lára igi tó ṣàìsàn, bí èso rẹ̀ ti wù kó tóbi tó. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, ní ọdún 1975, ní irúgbìn tí wọ́n ti yẹ̀ wò, lára wọn ni ilá NHAe 47-4.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Ṣe ìdánwò gíláàsì pẹ̀lú igi tòmátì tó rọ àti èyí tó yè. Ya àwòrán ohun tí o rí nínú méjèèjì.

2. Ìyá kan sọ pé ewé ilá òun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń pọ́n láti òkè, tí iṣan rẹ̀ ṣì dúdú, àmọ́ ti àárín ọgbà dára. Ó ti fi ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni wàá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí sì ni wàá ní kó ṣe?

3. Èèrà pọ̀ lórí ata bàbá kan, ó sì fẹ́ fín oògùn èèrà. Ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ, ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò.

4. Hú ṣọkọ kan tó kéré àti ọ̀kan tó dàgbà dáadáa lórí ebè kan náà. Fọ gbòǹgbò wọn, tẹ́ wọn sórí bébà funfun, kí o kọ ìyàtọ̀ tí o rí sílẹ̀ kí o tó sọ ohun tó fà á.